Bísímílà Mẹ́rin

Ọjọ́ tí Salmah kọ́kọ́ wọ ilé pọ́ńpù tó wà ní Mowe, ọkùnrin kan ló bá níbẹ̀ tó fi etí lé páìpù bí ẹni tó ń gbọ́ òfófó. Salmah kí i, kò dáhùn. Ó tún un kí, ọkùnrin náà kàn na ìka kan sókè pé kó dákẹ́. Inú bí Salmah. Òun ẹnjiníà, tí ilé-iṣẹ́ rán wá, ni ẹni tó ń tan pọ́ńpù ń naka sí!

Bí iná ṣe lọ nìyẹn. Pọ́ńpù dákẹ́. Ọkùnrin náà dijú, ètè rẹ̀ ń mì.

"Bísímílà. Bísímílà. Bísímílà. Bísímílà."

Bó ṣe pe ẹ̀kẹrin tán, nǹkan gbá inú páìpù gbì! Ilẹ̀ mì lábẹ́ bàtà Salmah.

"Ẹ má bínú, Ẹnjiníà." Ó dìde, ó fi akísà nu ọwọ́. "Tí mo bá dá yín lóhùn, mi ò ní gbọ́ ọ. Tí iná bá lọ, omi tó ń gòkè lọ sí táǹkì á dúró lójijì. Ìjì tí ìyẹn bá dá sílẹ̀ á sáré dé ọ̀hún, á tún sáré padà wá kanlẹ̀kùn níbí. Bísímílà mẹ́rin ni. Kì í yẹ̀."

Salmah ṣí láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Iṣẹ́ tó gbé e wá nìyẹn gan-an: kó fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé ohun tí omi ń ṣe nínú páìpù bí pọ́ńpù bá kú lójijì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá irin náà lè gbà á. Láti ọ́fíìsì ló ti ṣírò rẹ̀, bí páìpù ṣe gùn tó, bó ṣe nípọn tó, bí ìjì omi ṣe ń yára tó nínú rẹ̀. Ó wo ohun tí kọ̀ǹpútà kọ síbẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ó dín fínńfín.

Ọdún márùn-ún ní yunifásítì, ẹni yìí fi Bísímílà kà á.

"Kí lorúkọ yín?" ó béèrè.

"Yésúfù ni, mà. Ọmọ Bàbá Ladani, ní Ibafo."

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé ojú nìkan ni ìfẹ́ ń bá wọlé. Ti Salmah, etí ló bá wọlé.

Àńkù Bádéjọ ló ni ilé-iṣẹ́ náà, àbúrò ìyá Salmah ni. Nígbà tí bàbá Salmah kú, tó ku ìyá rẹ̀, Sùwéébátù, pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo nínú ilé wọn ní Ifo, Àńkù ló gba ọmọ náà tọ́. Òun ló rán an níléèwé, òun náà ló tún fún un níṣẹ́. Ìyá rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé.

"Àjíbíkẹ́," ó máa ń fi oríkì pè é lórí fóònù, "ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni o."

"Mo gbọ́, Màámi."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ó ti gbọ́ ọ títí ọ̀rọ̀ náà fi di okùn sí i lọ́rùn.

Mowe ni wọ́n ti ń fa omi náà nílẹ̀, páìpù irin ló ń gbé e lọ sí táǹkì tó wà lórí òkè ní Ibafo. Lágbedeméjì, níbi tí ilẹ̀ ti ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí kan ní àtiwọ Ibafo, fáàfù kékeré kan wà nínú kòtò onídèérí. Yésúfù kì í pè é ní fáàfù. Imú páìpù ló ń pè é.

"Tí omi bá sá lọ lójijì, inú páìpù á ṣófo," ó ní. "Imú yìí ló máa fa afẹ́fẹ́ sí i. Tí omi bá ń padà bọ̀, imú yìí náà ló máa tú afẹ́fẹ́ yẹn jáde díẹ̀díẹ̀. Tí imú ò bá mí, omi iwájú àti omi ẹ̀yìn á forí gbárí, páìpù á bẹ́."

"Ta ló kọ́ yín níyẹn?"

"Ẹ̀yin ni, lánàá."

"Èmi? Ìgbà wo?"

"Ẹ ń bá kọ̀ǹpútà yín sọ̀rọ̀. Mo jókòó síbẹ̀."

Salmah rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ọwọ́ lé ìhà. Kò mọ̀ pé òun ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Kò tíì sí ẹni tó fara balẹ̀ gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ kì í gbé e lọ sí ilé pọ́ńpù. Bí iṣẹ́ kò bá gbé e lọ, ẹsẹ̀ á gbé e lọ. Yésúfù á ti bá a ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà wá láti Asese, á fi bébà wé e kó má tutù.

Lọ́jọ́ kan, Yésúfù ṣàdédé pè é ní Àjíbíkẹ́. Salmah yí padà kíá.

"Ta ló sọ orúkọ yẹn fún yín?"

"Màámi yín ń pè é lórí fóònù. Gbogbo Mowe ló gbọ́. Ṣé kí n má pè é mọ́?"

"Ẹ máa pè é." Ojú tì í, ó wolẹ̀. "Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé ṣe mí bí ọ̀gá."

Yésúfù tú bébà ara bọ̀ọ̀lì. "Ó dáa, Àjíbíkẹ́ mi," ó ní. "Ṣé o ti jẹun?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Salmah ju gbogbo orin lọ.

Nígbà tí Ìyá Sùwéébátù gbọ́, ó pariwo. "Ẹni tó ń tan pọ́ńpù! Gbogbo ìwé tí àbúrò mi rán ọ kà, kó o lè wá fẹ́ pọ́ńpù? Àńkù rẹ ti ń bá ọ wo ọmọ Alájì kan ní OPIC. Má dójú tì mí o, Àjíbíkẹ́."

Salmah kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Yésúfù ní kó wá kí bàbá òun, ó lọ.

Sátidé kan lẹ́yìn ààwẹ̀ ni. Ọjọ́ yẹn kan náà ló wà nínú ìwé iṣẹ́ Salmah pé kó ṣí kòtò, kó yẹ imú páìpù wò, torí Àńkù fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tan pọ́ńpù méjì pọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń tàn látẹ̀yìnwá. Ẹ̀gbẹ́ kòtò náà gan-an ni wọ́n sì gbà kọjá, nítorí ilé Bàbá Ladani kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ síbẹ̀. Òjò ti rọ̀, ìdérí ti rì sínú ẹrẹ̀. Salmah wo ìdérí, ó wo ìró tuntun tó ró.

"Tí ẹrẹ̀ bá ta sí mi láṣọ, ojú wo ni màá fi kúnlẹ̀ kí Bàbá?"

"Mi ò tíì ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀," Yésúfù ní. "Àmọ́ kí ló fẹ́ ṣe é?"

Wọ́n kọjá.

Bàbá Ladani ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun ló ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí náà láti nǹkan bí ogójì ọdún. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. Ó ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wọlé. Ọwọ́ bútà àlùwàlá rẹ̀ ti kán, ó fi rọ́bà dúdú tí wọ́n gé lára túùbù táyà wé e, ó ta á ní kókó kan báyìí tó ní etí méjì bíi ti ehoro. Salmah kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára kókó náà ní gbogbo ìgbà tí bàbá ń ṣàdúrà.

"Ọmọ tí wín wí fún mi rè é," ni bàbá wí. "Ọlọ́hun á jẹ́ kẹ́ ẹ bára yín kalẹ́."

"Àmín, Bàbá."

Lọ́jọ́ Ajé, ó jókòó sí ọ́fíìsì, inú rẹ̀ ń dùn, ó fọwọ́ sí ìwé náà: mo ti yẹ imú páìpù wò, ó ń mí dáadáa. Kò kà á sí irọ́. Ṣebí ó ti débẹ̀.

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, Àńkù pe Yésúfù pé kó tan pọ́ńpù méjèèjì. Agogo mẹ́ta ọ̀sán kọjá díẹ̀, iná lọ. Páìpù bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Omi náà ta jáde pẹ̀lú ipá, ó wó ògiri ọgbà Ìyá Mùnírátù tó ń ránṣọ níwájú ilé rẹ̀, ògiri náà sì ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Àńkù Bádéjọ pe Salmah wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ọjọ́ Ajé ni àwọn lándílọ́ọ̀dù tó ń gba omi wa ní Ibafo fẹ́ gba rípọ́ọ̀tù. Ìwọ ni ẹnjiníà, ìwọ lo máa kọ ọ́. Kọ ọ́ pé Yésúfù ṣi pọ́ńpù pa."

"Àńkù, iná ló lọ."

"Tí wọ́n bá ní iṣẹ́ mi ni kò dáa, mo ti tán nìyẹn. Ogójì èèyàn ló ń jẹun lábẹ́ mi, Salmah. Ìyá rẹ wà níbẹ̀." Kò jágbe. Ì bá sàn kó jágbe. "Mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ rí. Èyí nìkan ni."

Kó tó dé ilé, ìyá rẹ̀ ti pè lẹ́ẹ̀mẹta. "Ṣe ohun tí Àńkù rẹ wí. Ẹni tó da omi síwájú ló yẹ kó tẹ ilẹ̀ tútù."

Ó sáré lọ bá Yésúfù, pé ó kéré tán, ẹnì kan á sọ fún òun pé kóun má ṣe é. Yésúfù jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé pọ́ńpù, kò wo ojú rẹ̀.

"Kọ orúkọ mi síbẹ̀," ó ní.

"Kí lo sọ?"

"Àjíbíkẹ́, mo bẹ̀ ọ́. Kọ orúkọ mi síbẹ̀, kó tán."

"Ṣé ìwọ lo pa pọ́ńpù ni?"

"Iná ló lọ. Mo ka Bísímílà mẹ́rin, kò kanlẹ̀kùn. Ẹ̀rù bà mí. Mo kà á dé méje kó tó dún." Ó pa ẹnu dé lójijì, bí ẹni tó ti sọ jù.

Salmah gba yàrá rẹ̀ lọ, ó ti ara rẹ̀ mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́ta. Iwájú kò ṣe é lọ, ẹ̀yìn kò ṣe é padà sí. Ìyá, Àńkù, olólùfẹ́, gbogbo wọn ló ń tì í sí ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, ojú ọ̀nà náà sì ni kò lè gbà. Nínú kọ̀ǹpútà, ó tan pọ́ńpù méjì, ó pa wọ́n lójijì. Ìlà pupa tó ń fi ipá omi hàn gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, páìpù kò bẹ́. Ó mú iná lọ. Kò bẹ́. Ó ṣe é bí ẹni pé Yésúfù ń sùn, bí ẹni pé orí Yésúfù dàrú. Kò bẹ́. Mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin ni ó ń kanlẹ̀kùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta ló yọ imú kúrò.

Ìlà pupa já wálẹ̀, ó sùn gbalaja sí ìsàlẹ̀. Mẹ́rin kọjá. Márùn-ún. Mẹ́fà. Nígbà tó di méje, ìlà náà ta sókè kọjá ibi tí irin lè gbà. Ó dán pọ́ńpù kan ṣoṣo wò láìsí imú: irin gbà á.

Salmah gbé ọwọ́ lé ẹnu. Imú kò mí lọ́jọ́ náà. Ó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ó ń mí. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló ti ń wá ẹlẹ́ṣẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ló wà lórí ìwé.

Ó lọ síbi kòtò náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wọnú ẹrẹ̀, ó ṣí ìdérí, ó sọ̀ kalẹ̀. Imú ṣí sílẹ̀, kò sí ohun tó dí i. Ṣùgbọ́n lábẹ́ nọ́ọ̀tì irin kan, àgékù rọ́bà dúdú kan há síbẹ̀, ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ gé e. Kókó kan wà lára rẹ̀, etí méjì bíi ti ehoro.

Salmah jókòó sínú ẹrẹ̀.

Nígbà tó na rọ́bà náà sí Yésúfù, Yésúfù kò jiyàn.

"Nínú ààwẹ̀, àsìkò tí Bàbá bá gbẹ́nu lé ìpè ìrun àṣálẹ́ ni iná máa ń lọ," ó ní. "Imú á súfèé. Àwọn èèyàn wá ń rẹ́rìn-ín pé páìpù ń bá ladani pe ìrun, pé ohùn páìpù ló dùn jù. Ó dun Bàbá. Ló bá fi rọ́bà so imú náà pa. Kò mọ ohun tó ń ṣe, Àjíbíkẹ́. Títí di ìsìnyí kò mọ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ọjọ́ tó bẹ́ ni mo mọ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣí kòtò. Mo gé e, mo fi èyí tó jábọ́ sápò." Omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Kọ orúkọ mi. Èmi lè ríṣẹ́ míì. Bàbá ò lè rí ohùn míì. Tí wọ́n bá gba ìpè ìrun lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú, ó máa kú."

"Tí mo bá kọ orúkọ rẹ, ìwọ lo ṣẹ́ obìnrin lẹ́sẹ̀. Màámi ò ní gbà ọ́ láéláé."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀. O ti jọ̀wọ́ mi nìyẹn?"

Yésúfù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ìfẹ́ tó ní sí bàbá rẹ̀ dun Salmah lọ́kàn ju ìbínú lọ, torí ó rí i pé ká ní bàbá òun náà wà láyé, ohun tóun náà ì bá ṣe nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn àgbààgbà lándílọ́ọ̀dù pé sí ọ́fíìsì Àńkù. Yésúfù dúró lẹ́bàá ògiri. Salmah dìde, ó ka rípọ́ọ̀tù rẹ̀.

"Imú páìpù ni kò mí. Nǹkan dí i. Iṣẹ́ mi ni kí n ṣí i wò kí wọ́n tó tan pọ́ńpù méjì. Mi ò ṣí i, mo sì kọ ọ́ pé mo ṣí i. Ká ní mo ṣí i ni, páìpù ò ní bẹ́. Yésúfù ò jẹ̀bi nǹkan kan."

"Ta ló dí i?" àgbà kan béèrè.

"Ìgbà tí wọ́n dí i ò ṣojú mi."

Àńkù Bádéjọ wò ó títí. Gbogbo ọdún tó fi tọ́ ọ wà lójú rẹ̀. "Máa lọ sílé, Salmah," ó ní.

Yésúfù sáré bá a níta. "Àjíbíkẹ́, báwo ni mo ṣe máa san oore yìí?"

"Má wá sí Ifo." Salmah kò dẹ́kun ìrìn. "Ọjọ́ tó o bá lè wo ojú Màámi kó o sọ òótọ́, ọjọ́ yẹn ni kó o wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má wá."

Salmah mọ̀ pé Yésúfù kò lè sọ ọ́. Yésúfù náà mọ̀.

Oṣù mẹ́rin ló lò nínú ilé ìyá rẹ̀ ní Ifo. Oṣù mẹ́rin "ẹ káàárọ̀" àti "oúnjẹ ti délẹ̀", kò sí ọ̀rọ̀ míì láàárín wọn. Àńkù kò pè. Ìyá rẹ̀ kò ní kó má jáde, ṣùgbọ́n ibo ló fẹ́ lọ? Bó bá jáde, wọ́n á bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń wo ògiri, ògiri ń wò ó. Bí iná bá lọ, á bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń ka Bísímílà mẹ́rin. Kò sí ohun tó ń padà wá kanlẹ̀kùn.

Àfi lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn.

Bàbá Ladani ló dúró síbẹ̀, ó fi ọ̀pá kan gbára lé. Salmah kúnlẹ̀. Ìyá rẹ̀ jáde láti yàrá.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá Salmah. Èmi ni bàbá Yésúfù."

Ojú ìyá le. "Kí lẹ bá wá?"

"Èmi ni mo so imú páìpù."

Ìyá Sùwéébátù wo Salmah, ó tún wo bàbá náà.

"Wín gbé imú tuntun wá lóṣù tó kọjá, ó tún ń súfèé. Mo bi ọmọ mi pé, Yésúfù, ta ló tú rọ́bà tí mo so mọ́ ti àkọ́kọ́? Kò fọhùn. Ojú rẹ̀ ló dá mi lóhùn. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń bi í kó tó sọ ohun tí ọmọ yín ṣe." Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ṣùgbọ́n kò mì. "Mo ti lọ bẹ Ìyá Mùnírátù. Mo ti bá àbúrò yín sọ ọ́. Lónìí, mo dìde ní mọ́ṣáláṣí, mo sọ ọ́ létí gbogbo jàmáà. Wín ò gba ìpè ìrun lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo gbé e sílẹ̀. Ó kù ẹ̀yin."

Ìyá Sùwéébátù yí sí ọmọ rẹ̀. "O mọ̀ pé bàbá yìí ni?"

"Mo mọ̀, Màámi."

"O sì jókòó sílé yìí fún oṣù mẹ́rin, mò ń wò ọ́ bí ẹni tó dójú tì mí?"

"Ká ní mo sọ fún yín, ẹ̀ bá sọ fún Àńkù."

Ìyá fi etí ìborùn nu ojú. Ìgbà náà ló yọjú síta láti fèrèsé.

"Ta lẹni tó dúró ní géètì yẹn?"

"Ọmọ mi ni," Bàbá Ladani ní. "Ó ní wín ti sọ fún òun pé kóun má wá láìsọ òótọ́. Òótọ́ sì rè é, èmi ni mo ni ín, èmi ni mo gbé e wá. Ó ní òun ò ní wọlé láìjẹ́ pé ẹ pe òun."

Ìyá Sùwéébátù ń wo géètì. Salmah wà lórí ìkúnlẹ̀, orúnkún ń ro ó, ọkàn rẹ̀ sì ń kà á fúnra rẹ̀. Bísímílà. Bísímílà. Bísímílà. Bísímílà.

"Àjíbíkẹ́," ni ìyá rẹ̀ wí, kò yí ojú kúrò ní fèrèsé. "Kí lò ń wò? Gbé omi wá fún àlejò."

Salmah fò dìde. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kó tó rántí ẹni tó wà ní géètì, ó dúró, ẹ̀rù sì bà á láti béèrè.

"Ife mélòó, Màámi?"

"Ṣé èmi ni màá kọ́ ẹnjiníà ní ìṣirò?" ni ìyá rẹ̀ wí. "Ife méjì."